Ọjọ́ Ìlú àwa ọmọ etí òkun ní Ìlọrin: kí la fẹ́ gbé síta?

Ọmọ Igbókòdá ní Táńkẹ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Àwa ọmọ Ìlàjẹ tó wà ní Ìlọrin, Ọ̀fà, Àjàṣẹ́-Ìpo àti agbègbè wọn fẹ́ ṣe Ọjọ́ Ìlú nínú oṣù Kejìlá. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ká dá aṣọ ẹbí, ká háyà gbohùngbohùn, ká jẹ, ká mu, ká túká. Lójú tèmi, ìyẹn ò tó. Ọmọ tí wọ́n bí sí Ìlọrin, tí wọ́n ní ọmọ apẹja ni, tí kò fọwọ́ kan àwọ̀n rí, kí ló fẹ́ fi yangàn láàárín ẹgbẹ́ ẹ̀? Mo fẹ́ kí àwọn èèyàn rí iṣẹ́ ọwọ́ wa: ẹja yíyan, àwọ̀n títún ṣe, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, púpurú (oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí a fi èéfín gbẹ), àti ọ̀rọ̀ Ayétòrò, ìlú wa tí òkun ń jẹ. Ẹni tó bá mọ èyíkéyìí dénú, kó jọ̀ọ́ kọ ohun tó ń gbà, ìwọ̀n rẹ̀, àti ibi tó ti máa ń bàjẹ́. Pápá gbangba la fẹ́ lò, kò sí omi nítòsí àyàfi èyí tí a bá pọn.

Ìyá Ẹléja Ìpàtà

Ẹ kú ìmúra. Orí ẹja tútù ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí ẹja tó bá ti jẹrà lọ́nà, kò sí èéfín tó lè tún un ṣe.

Agbódo ni kẹ́ ẹ rà, èyí tí àwọn ọlọ́jà míì ń pè ní bọ́ńgà. Òun la mọ̀ mọ́ etí òkun, ó lọ́ràá, èéfín sì máa ń mú un dáadáa. Ẹ ra kílò 40. Ẹ má retí pé ẹ máa kó kílò 40 kúrò lórí ààrò o: omi ni nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ara ẹja tútù, nítorí náà, tó bá gbẹ délẹ̀, kílò 10 lẹ máa rí tàbí kó lé díẹ̀.

Ní èbúté Igbókòdá, èyí tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ já lówùúrọ̀ ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ wo ojú rẹ̀, kó yọ síta, kó máa dán. Ẹ ṣí etí rẹ̀, kí inú ibẹ̀ pọ́n, kó má ṣe dà bí ẹ̀dọ̀ tó ti pẹ́. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, kí ibi tẹ́ ẹ tẹ̀ dìde padà. Bí ìka bá ṣì hàn níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Yìnyín: kílò kan fún kílò ẹja kan. Àwọn kan máa ń fi ìdajì ṣe é nítorí owó, àmọ́ kí wọ́n tó dé Oǹdó, omi ló kù nínú kúlà. Ẹ fọ́ yìnyín wẹ́wẹ́. Òkúta yìnyín ńlá máa ń tẹ ẹja lára, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì máa ń jókòó sí àlàfo tó bá fi sílẹ̀. Ẹ tẹ́ yìnyín sísàlẹ̀, ẹ to ẹja ní ipele kan, ẹ dà yìnyín bò ó, ẹ tún tò, kí yìnyín ló gbẹ̀yìn lókè. Ẹ má dí ihò tó wà nísàlẹ̀ kúlà: omi ẹ̀jẹ̀ tó bá dúró síbẹ̀ ni í kọ́kọ́ ba ẹja ìsàlẹ̀ jẹ́. Láti Igbókòdá gba Òkìtìpupa, Ọ̀rẹ̀, Oǹdó, Ilé-Ifẹ̀, Òṣogbo, Ọ̀fà dé Ìlọrin, odindi ọjọ́ kan ni kẹ́ ẹ kà á sí. Ẹ gbéra láàárọ̀, ẹ sì fi owó yìnyín àbùkún sọ́wọ́ awakọ̀.

Àbúrò Gáà-Akanbí

Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé a ò kàn lè ra ẹja tó ti dì gbagidi nínú ẹ̀rọ amóhuntutù nílé ìtọ́jú ẹja níbí, ká yan án? Ta ló máa mọ̀?

Ìyá Ẹléja Ìpàtà

Ọmọ mi, ẹja tó ti dì dára fún ọbẹ̀, kò sì burú fún ẹni tó fẹ́ fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń yan ẹja. Àmọ́ awọ rẹ̀ ti rọ̀. Tó bá gbóná, á bó, ẹran á sì já sínú iná. Bẹ́ ẹ bá máa lò ó rárá, ẹ jẹ́ kó yọ́ fúnra rẹ̀ láti alẹ́ mọ́jú, ẹ má da omi gbígbóná lé e. Fún Ọjọ́ Ìlú, agbódo etí òkun ni kẹ́ ẹ gbé jáde. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ilé yín lẹ fẹ́ fi hàn.

Eléèfín

Mo ti ń retí kí ọ̀rọ̀ dé ibi ààrò. Ẹ fara balẹ̀ kà á, torí ibí ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́ jù.

Ààrò: dírọ́ọ̀mù lítà 200. Ẹ gé ojú òkè rẹ̀ kúrò, ẹ gé ilẹ̀kùn iná sí ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀, kó tó ẹsẹ̀ bàtà kan ní ìbú. Wáyà àkọ́kọ́ tí ẹja máa sùn lé gbọ́dọ̀ ga ju iná lọ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60. Wáyà kejì lè wà lókè rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ wá àpò ìdọ̀họ tó tutù tàbí páànù tẹ́ ẹ máa fi bo orí rẹ̀. Dírọ́ọ̀mù kan ò lè gba kílò 40 o, ẹ ṣe mẹ́ta.

Ẹja: ẹ ha ìpẹ́, ẹ yọ ìfun, ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́. Ẹ po iyọ̀ gíráàmù 80 sínú lítà omi kan, ẹ rẹ ẹja sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30. Lẹ́yìn náà, ẹ tò ó sórí wáyà níta kó ro, wákàtí kan sí méjì, títí ara rẹ̀ á fi máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ díẹ̀. Ẹja tó ṣì ń kán omi, tẹ́ ẹ gbé lé iná, bíbọ̀ ló máa bọ̀, kò ní yan, á sì lẹ̀ mọ́ wáyà.

Iná: ìpele mẹ́ta ni. Wákàtí méjì àkọ́kọ́, iná kékeré, kẹ́ ẹ lè gbé ọwọ́ sí ibi tí ẹja wà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ láìfà á sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ bù kún un fún wákàtí kan sí méjì kí ẹja jinná dé eegun. Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ igi kúrò, kó ku ẹyin iná àti èéfín, kó máa gbẹ díẹ̀díẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ máa yí i padà, ẹ sì máa pààrọ̀ wáyà òkè pẹ̀lú ti ìsàlẹ̀.

Ọyẹ́ Ìlọrin ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Létí òkun, afẹ́fẹ́ kún fún omi, ara ẹja kì í yára gbẹ. Níbí, nínú oṣù Kejìlá, afẹ́fẹ́ ti gbẹ kó tó kan iná rárá. Bẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iná ńlá, awọ á le bíi páànù, omi inú ò ní rọ́nà jáde mọ́. Ẹja á pupa, á dára lójú, ẹ ó sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yìn orí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hu funfun, á máa rùn. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀: ẹ mú èyí tó sanra jù, ẹ ṣẹ́ ẹ lẹ́yìn orí. Bó bá dún, tí ẹ̀gbẹ́ eegun gbẹ, ó ti tán. Bó bá tẹ̀, tí ibẹ̀ ń tàn, ẹ dá a padà.

Ìjàkadì Ọ̀fà

Ẹ kú ọgbọ́n orí, Eléèfín. Èmi kì í ṣe ọmọ Ìlàjẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ igi ìdáná, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Igi ẹgbà tẹ́ ẹ fi ń yan ẹja lẹ́bàá omi iyọ̀, ẹ ò ní rí i níbí. Àyìn ni kẹ́ ẹ wá. Ó le, ó ń jó pẹ́, ẹyin iná rẹ̀ kì í yára kú. Igi ẹ̀mí náà dára. Ẹ yẹra fún dóńgóyárò, kíkorò rẹ̀ máa ń wọ oúnjẹ. Ẹ má ṣe lo pákó àfọ́kù láti ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé, torí ọ̀dà àti oògùn ikán wà lára rẹ̀, ẹ sì má fi ọ̀rá dá iná.

Ọ̀rọ̀ dírọ́ọ̀mù náà: ẹ bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí tó ti gbé kẹ́míkà rí, ẹ má rà á. Èyí tó jẹ́ ti òróró oúnjẹ, ẹ dá iná ńlá sínú rẹ̀ lófìfo fún wákàtí kan kí ọ̀dà ara rẹ̀ jó dànù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha á, kó tó di pé ẹja dé ibẹ̀.

Eléèfín

Ẹ ṣeun, ọmọ Ọ̀fà. Àyìn gan-an ni.

Nǹkan kan tí mo gbàgbé: kòkòrò. Ẹja tó bá kù lẹ́yìn ayẹyẹ, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kẹ́ ẹ tó dì í. Tó bá gbóná wọ ọ̀rá, á làágùn, á bu. Ẹ dì í sínú páálí tí ẹ tẹ́ bébà sí, ẹ máa tún un yá iná lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fín oògùn kòkòrò sí i. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe é lọ́jà, májèlé ni wọ́n ń tà fún ọmọ aráyé. Ẹja tó gbẹ délẹ̀, tó sì ní iyọ̀, kò wá oògùn.

Apẹja Ùgbò

Mo kí gbogbo ilé. Àwọ̀n ni tèmi.

Àwọ̀n agbódo, bẹ́ ẹ bá na ojú rẹ̀ kan láti kókó dé kókó, milimítà 45 sí 50 ni. Tó bá fẹ̀ jù, ẹja á gbà á kọjá. Tó bá há jù, imú nìkan ló máa wọ̀ ọ́, ẹja á sì fà sẹ́yìn lọ. Etí ẹja ló yẹ kó há sí i.

Ohun tí àwọn ará òkè kì í mọ̀ ni bí a ṣe ń so àwọ̀n mọ́ okùn. Àwọ̀n tó gùn ní mítà 100 nígbà tí a bá nà án gbọọrọ, orí okùn mítà 50 la ń so ó mọ́. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí ojú rẹ̀ là. Bẹ́ ẹ bá tẹ́ ẹ sórí mítà 70, á le, ẹja á kàn án, á sì ta padà. Bẹ́ ẹ bá kó o jọ sórí mítà 30, á rọ̀ jù, á máa di ẹja pọ̀ mọ́ ewé àti ìdọ̀tí, ẹ ó wá jókòó tú u títí ilẹ̀ á fi ṣú. Okùn òkè ló ní ohun tó ń léfòó, okùn ìsàlẹ̀ ló ní òjé. Ẹ so mítà 10 péré láàárín òpó méjì ní pápá, kí àwọn ọmọ lè rí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Àtúnṣe: ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ibi tó ya. Ẹ fi abẹ gé etí ibi tó ya títí yóò fi mọ́. Lókè, ẹ fi kókó kan sílẹ̀ tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, ibẹ̀ ni okùn tuntun máa ti bẹ̀rẹ̀. Nísàlẹ̀, ẹ fi ọ̀kan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ ló máa parí sí. Gbogbo èyí tó kù, ẹsẹ̀ méjì méjì. Ẹni tó bá gé e láìka ẹsẹ̀, ojú kan á ṣẹ́kù tàbí kó dín, àwọ̀n á sì ká jọ síbẹ̀. Ẹ ó nílò abẹ́rẹ́ àwọ̀n àti ọ̀pá pẹlẹbẹ tí a fi ọparun gbẹ́. Ìbú ọ̀pá náà jẹ́ ìdajì ojú àwọ̀n: fún ojú milimítà 50, ọ̀pá milimítà 25. Okùn rọ́bà tó ń dán máa ń yọ̀, nítorí náà, kókó méjì ni kẹ́ ẹ ta. Fún àwọn ọmọdé, ẹ lo okùn tó nípọn àti ọ̀pá milimítà 50, kí ọwọ́ wọn lè rí àyè.

Ọmọ Igbókòdá ní Táńkẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Ẹnì kan fẹ́ yá wa ní ẹ́ńjìnnì alágbára ẹṣin 40 (hp 40). Ṣé a lè tan án ní pápá kí àwọn èèyàn gbọ́ ohùn rẹ̀?

Apẹja Ùgbò

Ẹ lè tan án, àmọ́ ẹ má tan án lórí ilẹ̀ gbígbẹ, bó ti wù kó kéré mọ. Rọ́bà kan wà nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń fa omi sókè láti fi tu ú. Láìsí omi, rọ́bà yẹn á jó láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì gbóná gan. Ẹ kan pákó líle méjì mọ́ra bí ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹ rì í mọ́lẹ̀ kó dúró ṣinṣin, ẹ gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ ọ. Ẹ ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ dírọ́ọ̀mù tó kún fún omi, kí omi bo irin pẹlẹbẹ tó wà lókè fáànù tó ń ti ọkọ̀ lọ. Ẹ kọ́kọ́ yọ fáànù kúrò, torí ọmọdé pọ̀ níbẹ̀. Bó bá ti tan, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: omi gbọ́dọ̀ máa tú jáde ní ihò kékeré. Bí omi ò bá jáde, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀.

Epo: lítà 10 bẹntiróòlù, mililítà 200 ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tú-sítúróòkì (two-stroke), ẹ pò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó rọ ọ́. Ọ́ìlì kéré jù, irin á máa jẹ irin. Ó pọ̀ jù, èéfín á bo gbogbo yín, púlọ́ọ̀gì á sì dúdú. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó, torí omi dírọ́ọ̀mù kì í pẹ́ gbóná. Ẹ sì ṣàlàyé fún wọn pé lẹ́yìn ìrìn àjò lórí òkun, omi tútù tí kò níyọ̀ la máa ń fi fọ inú ẹ́ńjìnnì. Iyọ̀ tó bá gbẹ síbẹ̀ ló ń dí ojú ọ̀nà omi.

Tíṣà Òmù-Àrán

Ẹ kú ìrònú rere. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ayétòrò, torí bí a bá kàn gbé àwòrán ilé tó wó sí ara ògiri, àánú nìkan làwọn èèyàn máa ṣe.

1947 ni wọ́n tẹ Ayétòrò dó. Àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n ń pè ní Àpọ́sítélì Mímọ́ ló dá a sílẹ̀ lórí ẹrẹ̀ etí òkun. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń pawó sápò kan, àpò yẹn ló sì ń bọ́ gbogbo ìlú. Ilé wọn wà lórí òpó, afárá pákó ló so ilé mọ́ ilé. Wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi fúnra wọn, wọ́n hun aṣọ, wọ́n rán bàtà, iná mànàmáná sì tàn nílùú wọn kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ní 1960. Ẹ kọ èyí gàdàgbà gadagba kó wà lókè pátápátá.

Ìdí tí òkun fi ń jẹ ibẹ̀: láti ọ̀dọ̀ Èkó wá, iyanrìn ni etí òkun. Bó bá ti kọjá agbègbè Araromi lọ sí ìlà oòrùn, ẹrẹ̀ kíkúnná ló kù. Iyanrìn tí ìgbì bá gbé, ó wúwo, kì í pẹ́ tó fi jókòó sí ibòmíì létí òkun kan náà. Ẹrẹ̀ a máa lúwẹ̀ẹ́ nínú omi, a sì máa bá a lọ pátápátá. Ilẹ̀ náà kò ga ju òkun lọ púpọ̀. Omi máa ń kún, a sì máa fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó ń ga jù nígbà oṣù tuntun àti nígbà òṣùpá àrànmọ́jú. Bí ìjì òkun àsìkò òjò bá pàdé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ilé ló máa lọ. Ìdí nìyí tí àpò iyanrìn tí wọ́n kàn tò síbẹ̀ kì í fi í pẹ́: ìgbì á fọ ẹrẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lọ, àpò á rì.

Ẹ fi ọpọ́n méjì ṣe é hàn. Ẹ da iyanrìn sí apá kan ọpọ́n kìíní, kó ga díẹ̀. Ẹ da ẹrẹ̀ odò tó kúnná sí apá kan ọpọ́n kejì, kí gíga wọn dọ́gba. Ẹ bu omi sí apá kejì àwọn méjèèjì, ẹ wá fi pákó pẹlẹbẹ ti omi náà jẹ́jẹ́, lọ-bọ̀, ìgbà ọgọ́rùn-ún. Bẹ́ ẹ bá dúró, omi ọpọ́n iyanrìn á là kíá. Ti ẹrẹ̀ á ṣì pupa rẹ́súrẹ́sú, bèbè rẹ̀ á sì ti jẹ wọnú. Ẹ má lo amọ̀ líle tí wọ́n fi ń mọ ìkòkò, kò ní tú, àlàyé á sì dàrú mọ́ yín lọ́wọ́.

Ọmọ Ayétòrò

Tíṣà, Ọlọ́run á bù kún yín. Ohun tó ń dùn mí ni pé bí wọ́n bá ti dárúkọ wa báyìí, omi tó gbé ilé lọ ni wọ́n ń rò, bí ẹni pé a kò ṣe nǹkan míì láyé. Àwọn èèyàn tí kò ní òkúta, tí kò ní ilẹ̀ líle, tí wọ́n kọ́ ìlú sórí ẹrẹ̀! Ẹ jẹ́ kí tábìlì ọkọ̀ kíkàn àti aṣọ híhun ṣáájú ọpọ́n méjèèjì. Kí wọ́n mọ ohun tó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó mọ ohun tó ń lọ.

Tíṣà Òmù-Àrán

Òótọ́ ni, mo fara mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ tò ó.

Aládùn Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ará mi, ẹ má gbàgbé púpurú o! Àwọn ará Ìlọrin mọ láfún, wọ́n á yára lóye rẹ̀. Oòrùn ni wọ́n fi ń sá láfún. Létí òkun, òjò kì í jẹ́ kí oòrùn dúró, la bá gbé ẹ̀gẹ́ lé èéfín, lókè iná kan náà tó ń yan ẹja.

Kílò 20 ẹ̀gẹ́ tí a ti bó. Ẹ rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Bí ọyẹ́ bá mú omi tutù, ẹ fi ọjọ́ kan kún un, torí ẹ̀gẹ́ tí kò rà dáadáa lè ṣe ni ní jàǹbá nínú. Kó rọ̀ débi pé ẹ lè fi ọwọ́ fọ́ ọ. Ẹ ṣa okùn inú rẹ̀ dànù, ẹ dà á sápò, ẹ gbé òkúta lé e mọ́jú. Bí omi bá kù nínú rẹ̀, á là lórí iná, á já bọ́. Ẹ mọ ọ́n roboto, kó tó ìkúùkù àgbàlagbà, ẹ tò ó sórí wáyà lókè iná jẹ́jẹ́ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ẹ̀yìn rẹ̀ á dúdú. Ẹ fi ọ̀bẹ ha dúdú yẹn kúrò pátápátá, ẹ gún funfun inú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ rò ó nínú omi híhó. Ọbẹ̀ marúgbó ló yẹ ẹ́, pẹ̀lú agbódo yíyan yẹn gan-an.

Ìjàkadì Ọ̀fà

Àbá kan ṣoṣo: ẹ pe àwọn apẹja Jẹ́bà àti Pàtígì. Àwọn náà mọ omi, àjọ̀dún ọkọ̀ ojú omi Pàtígì kì í ṣe kékeré ní Kwara níbí. Ẹ fún wọn ní tábìlì, kí wọ́n gbé àwọ̀n odò Ọya wá. Àwọn ọmọ á rí ìyàtọ̀ láàárín àwọ̀n odò àti ti òkun lójúkojú.

Ọmọ Igbókòdá ní Táńkẹ̀

A gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Bí mo ṣe tò ó rèé: púpurú á wọ omi ní ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú. Ẹja á gbéra ní Igbókòdá ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, á wọ iyọ̀ lọ́jọ́ kejì, á sì wà lórí ààrò mọ́jú ọjọ́ ayẹyẹ. Kílò márùn-ún la máa fi sílẹ̀ nínú yìnyín, ká lè bẹ̀rẹ̀ yíyan tuntun lójú àwọn èèyàn láago mẹ́sàn-án àárọ̀. Dírọ́ọ̀mù mẹ́rin, mẹ́ta fún ẹja, ọ̀kan fún ẹ́ńjìnnì. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé a lè yan púpurú àti ẹja nínú dírọ́ọ̀mù kan náà?

Aládùn Àjàṣẹ́

Bẹ́ẹ̀ ni, bí púpurú bá wà lórí wáyà òkè, tí ẹja wà nísàlẹ̀. Ẹ má gbé e sábẹ́ ẹja láé, òróró agbódo á kán sí i, á sì bu kíákíá. Ẹ kọ́kọ́ fún un ní ọjọ́ kan lórí iná nìkan kí ẹja tó dé, kó ti le díẹ̀.